Magdalene Jẹ́wọ́ Ohun tí Kò Ṣe

Bí ẹ bá béèrè Magdalene lọ́wọ́ àwọn aláṣọ funfun tó ti pẹ́ ní Peckham, ohùn wọn á kọ́kọ́ rẹlẹ̀. "Ìyá Moyin?" Wọ́n á ní obìnrin dáadáa ni, ó mọ arúgbó tọ́jú, ó lawọ́. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á wá fi kún un pé, "Àmọ́ ṣá, òun fúnra ẹ̀ ló fẹnu ara ẹ̀ jẹ́wọ́." Ibẹ̀ ni wọ́n máa ń dá ìtàn náà dúró sí. Mùsùlùmí lèmi, n kò sí nínú ìjọ wọn, ṣùgbọ́n ògiri kan ṣoṣo ló wà láàárín ilé mi àti ilé Magdalene láti ogún ọdún ó lé. Ohun tó sọ fún mi, àti ohun tí mo fojú ara mi rí, ni mo fẹ́ sọ.

Ọmọ Ìlàjẹ ni Magdalene. Ìgbọ́kọ̀dá ni wọ́n ti bí i, níbi tí ọmọdé ti ń mọ ọkọ̀ wà kó tó mọ ìwé kà. Inú aṣọ funfun ló dàgbà sí. Ogun Kuwait ṣẹ̀ṣẹ̀ parí ni nígbà tó dé London, ọ̀dọ̀ àǹtí rẹ̀ ní North Peckham Estate ló sì dé sí, kí wọ́n tó wó àwọn ilé náà palẹ̀. Ilé àwọn arúgbó ló ti ríṣẹ́. Ó ń wẹ̀ wọ́n, ó ń bọ́ wọn, ó ń gé èékánná wọn. Ọjọ́ Ìsinmi, á wọ sùtáánà rẹ̀, á bọ́ bàtà, á lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì wọn tó wà nísàlẹ̀ afárá ọkọ̀ ojú irin.

Ibẹ̀ ló ti pàdé Adédèjì. Ìyá rẹ̀ ló mú un wá. Ìyá Dèjì, gẹ́gẹ́ bí ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá tó wá kàwé ní London láyé ọjọ́un, gbé ọmọ rẹ̀ fún ìdílé òyìnbó kan ní Kent kí wọ́n bá òun tọ́ ọ, torí pé ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì àti iṣẹ́ alẹ́ kò jẹ́ kó ráyè. Ọmọ ọwọ́ ni Dèjì nígbà tó lọ. Nígbà tó fi máa padà, ó ti ń di géńdé, kò gbọ́ èdè ìyá rẹ̀, kò lè jẹ ata, "Auntie" ló sì ń pe ìyá tó bí i lọ́mọ. Ọ̀rọ̀ àárín àwọn méjèèjì kò wọ̀ rárá. Kété tí ọjọ́ orí rẹ̀ tó, Dèjì wọṣẹ́ ológun, wọ́n sì rán an lọ sí aṣálẹ̀ Saudi, láti ibẹ̀ dé Kuwait. Ìyá rẹ̀ gbààwẹ̀ títí ogun fi parí. Nígbà tí ọmọ náà dé láàyè, ó ní Ọlọ́run tún un bí fún òun ni, ó sì rọ̀ ọ́ títí ó fi gbà láti wọ aṣọ funfun.

Magdalene fẹ́ràn rẹ̀ torí pé ó jẹ́ ẹni jẹ́jẹ́. Ó máa ń fi Yorùbá Dèjì ṣẹ̀rín, Dèjì náà máa ń fi òyìnbó rẹ̀ ṣẹ̀rín. Wọ́n ṣègbéyàwó, kánsù sì fún wọn nílé. Kò sí ohun tó lè mú kí Dèjì sọ̀rọ̀ ogun. Bí wọ́n bá bi í pé báwo ló ṣe rí, á ní, "Ooru mú. Eṣinṣin pọ̀." Ó tán nìyẹn. Ṣùgbọ́n ara rẹ̀ kò dá. Orí ń fọ́ ọ, oríkèé ń ro ó, òógùn á bò ó nínú òtútù, á sì máa gbàgbé ohun tó jáde lọ rà. Nígbà kan tí aáyán pọ̀ nílé wọn, Magdalene ra fílíìtì wá, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í fín in sí abẹ́ síǹkì. Dèjì já agolo náà gbà lọ́wọ́ rẹ̀, ó jù ú gba ojú fèrèsé, ó sì jáde nílé láìwọ bàtà. Magdalene rò pé ìbínú ológun ni.

Lẹ́yìn náà ni wọ́n bí Moyinolúwa.

Ọmọ náà kò ní etí ọ̀tún. Ẹran kékeré kan, bí ẹyọ ẹ̀pà, ló wà níbi tó yẹ kí etí wà. Egungun àgbọ̀n apá ibẹ̀ kò dàgbà, ojú rẹ̀ sì tẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Àwọn dókítà pe àìsàn náà lórúkọ gígùn kan, wọ́n ní ó máa ń ṣẹlẹ̀, pé wọn ò mọ ohun tó ń fà á. Wọ́n wá kọjú sí Magdalene. Ṣé o mu ọtí? Ṣé o lo oògùn tí dókítà kò kọ fún ọ? Ṣé ẹnikẹ́ni nínú ìdílé yín ní irú ẹ̀ rí? Gbogbo ìbéèrè, òun ni wọ́n bi. Ọkùnrin tó dúró lẹ́bàá fèrèsé, ohun kan ṣoṣo ni wọ́n bi í: "Ṣé ẹ fẹ́ jókòó, Dad?"

Wọ́n tún bí ọmọkùnrin kan tẹ̀ lé e, Ọbanijésù. Etí ti ìyẹn pé, ṣùgbọ́n ọkàn rẹ̀ kò dára. Kò lò tó oṣù kan láyé.

Látìgbà náà ni Ìyá Dèjì kò ti kí ìyàwó ọmọ rẹ̀ dáadáa mọ́. Bí Magdalene bá gbé oúnjẹ wá fún un nílé rẹ̀ ní Aylesbury Estate, á ní kó gbé e sórí tábìlì, kò sì ní fọwọ́ kàn án. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ọ́ láàárín àwọn ìyá ìjọ pé kò sí irú èyí nínú ìdílé àwọn. Wòlíì kan wá ríran pé òun rí obìnrin kan tó jókòó sísàlẹ̀ omi, tó ń pín ẹran fún àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. Ta lẹni tí wọ́n bí sétí omi nínú ìjọ wọn bí kì í bá ṣe ọmọ Ìgbọ́kọ̀dá?

Magdalene kò kọ́kọ́ ka ọ̀rọ̀ yìí sí. Ṣùgbọ́n nígbà tí Moyin pé ọmọ ọdún márùn-ún, wọ́n dá ọjọ́ fún un láti wá ṣe iṣẹ́ abẹ ńlá sí egungun àgbọ̀n rẹ̀, torí pé oúnjẹ kò ṣeé jẹ fún un bó ṣe yẹ. Bàbá Akínbọ̀wálé, olùṣọ́ ìjọ wọn, pe Magdalene àti ọkọ rẹ̀ sínú yàrá àdúrà. Ìyá Dèjì ti jókòó síbẹ̀.

"Ọmọ mi," Bàbá Olùṣọ́ ní, "ohun tí Ẹ̀mí sọ ni mo fẹ́ jẹ́ kó o gbọ́. Tí wọ́n bá gbé ọmọ yẹn wọ yàrá iṣẹ́ abẹ láìjẹ́ pé ìdè náà já, kò ní jí. Ìwọ nìkan lo lè já a."

"Bàbá, n kò mọ nǹkan kan nípa ìdè."

"Àwọn tó ń ṣe é, òmíràn kì í mọ̀ pé òun ń ṣe é. Oorun ni wọ́n fi ń ṣe é. Ìjẹ́wọ́ ló ń tú u."

Magdalene yíjú sí ọkọ rẹ̀. Dèjì ń wo ilẹ̀.

Ìyá Dèjì bú sẹ́kún. "Èmi ò bẹ̀ ẹ́ pé kó o bí òmíràn fún mi. Èyí tó kù yìí, dá a sí. Mo bẹ̀ ẹ́, dá a sí."

Magdalene sọ fún mi pé ẹkún yẹn ló ṣẹ́gun òun. Ó ní òun wò ó pé tí òun bá jẹ́wọ́ tí ọmọ sì yè, kí ni òun pàdánù? Tí òun kò bá jẹ́wọ́ tí ọmọ sì kú, ta ló máa gba òun lọ́wọ́ ara òun? Ọjọ́ Ìsinmi tó tẹ̀ lé e, ó kúnlẹ̀ níwájú pẹpẹ láàárín àbẹ́là, níṣojú gbogbo ìjọ.

"Sọ ọ́ sókè," Bàbá Olùṣọ́ wí.

"Èmi ni."

"Ìwọ ni kí ni?"

"Èmi ni mo wà lẹ́yìn àìsàn ọmọ mi."

"Etí rẹ̀ ńkọ́?"

Kò mọ ohun tí wọ́n ń fẹ́ kó sọ. Ó wo ojú wọn, ó rí i pé wọn ò tíì yó. Ó ní, "Mo fún wọn jẹ."

"Ọbanijésù ńkọ́?"

Ó ní òun náà ló pa Ọbanijésù. Ìjọ hó yèè. Wọ́n da omi àdúrà sí i lórí, wọ́n yí i ká pẹ̀lú orin. Dèjì wà níbi tí àwọn ọkùnrin jókòó sí, kò gbórí sókè títí ìsìn fi parí.

Moyin jí lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ. Nọ́ọ̀sì ní ọmọ tó lágbára ni. Dókítà kan tí ọwọ́ rẹ̀ dúró dáadáa ló ṣe iṣẹ́ yẹn láti òwúrọ̀ títí dé ìrọ̀lẹ́, ṣùgbọ́n ní ṣọ́ọ̀ṣì, ìjẹ́wọ́ ló ṣe é. Wọ́n dúpẹ́ ńlá. Láti ọjọ́ náà, ohun tí Magdalene sọ kò ṣeé yí padà mọ́, torí pé ọmọ tó yè ti di ẹlẹ́rìí rẹ̀. Wọn ò lé e jáde. Wọ́n ní ẹni tó jẹ́wọ́ ti rí ìdáríjì. Ṣùgbọ́n bí ó bá jókòó sórí àga, àwọn ìyá á fa ọmọ wọn súnmọ́ra. Wọn ò jẹ́ kó dáná ìkórè mọ́. Ilé ìyàgbẹ́ ni wọ́n ní kó máa fọ̀, ó sì ń fọ̀ ọ́.

Moyin ń dàgbà. Ó máa ń fi irun bo apá ọ̀tún ojú rẹ̀. Lọ́jọ́ kan tí wọ́n ti ṣọ́ọ̀ṣì dé, ọmọ náà jókòó ti oúnjẹ, kò jẹ ẹ́.

"Mummy, ṣé ẹ jẹ etí mi?"

Magdalene gbé ṣíbí sílẹ̀. "Ta ló sọ bẹ́ẹ̀?"

"Everybody ní Sunday school. Wọ́n ní ẹ̀yin lẹ sọ ọ́."

"N kò jẹ ẹ́. Kò sí ìyá tó lè jẹ etí ọmọ rẹ̀."

"So why did you say it?"

Dèjì dìde nídìí oúnjẹ, ó mú kóòtù rẹ̀, ó jáde. Magdalene rò pé ojú ló ń tì í nítorí òun.

Nígbà tí Moyin wà ní ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, ọkùnrin kan kan ilẹ̀kùn wọn ní ọ̀sán Sátidé kan. Gilbert lorúkọ rẹ̀, ará Catford ni, àwọn òbí rẹ̀ wá láti Barbados. Òun àti Dèjì jọ wà nínú ọ̀wọ́ ológun kan náà ní aṣálẹ̀. Inú Magdalene dùn láti rí ẹnì kan tó mọ ọkọ rẹ̀ kí òun tó mọ̀ ọ́n. Ó bu ìrẹsì fún un. Òyìnbó ni wọ́n ń sọ, ọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù àti ọ̀rọ̀ iṣẹ́. Àfi ìgbà tí Moyin gbé omi wọlé, tó ti di irun rẹ̀ sẹ́yìn torí ooru. Gilbert wo ọmọ náà. Ó gba omi, ó ní ó ṣeun, ó dúró kí ọmọ jáde, omi sì lé sójú rẹ̀.

"O ò sọ fún mi pé bó ṣe rí nìyí, Dèj."

Dèjì ní, "Jẹ́ ká fi í sílẹ̀."

"Mo pè ọ́ lórí fóònù. Nígbà tí ọmọ rẹ ò tíì ju ọmọ ọdún méjì lọ, mo sọ ti ọmọkùnrin mi fún ọ, bí egungun ẹ̀yìn rẹ̀ ṣe rí. Mo sọ fún ọ pé a ti pọ̀, pé kó o wá bá wa. O ní ọmọ tìẹ wà dáadáa."

Magdalene tó ń bọ̀ láti kíṣìnì dúró lẹ́nu ọ̀nà. "A ti pọ̀ lọ́nà wo?" ó béèrè.

Gilbert rò pé ó mọ̀. Ó ṣàlàyé fún un bí ẹni tó ń sọ ohun tí gbogbo wọn ti jọ mọ̀. Ó ní eṣinṣin aṣálẹ̀ pọ̀ débi pé wọ́n ń jẹ ẹ́ mọ́ oúnjẹ. Àwọn ọ̀gá wọn ní kí wọ́n máa fín oògùn sí gbogbo àgọ́, Dèjì ni wọ́n sì gbé táńkì oògùn náà kọ́ lẹ́yìn. Kò sí ìbọ̀wọ́, kò sí ohun ìbòmú. Nígbà tí èyí tí wọ́n kó wá láti ilé tán, wọ́n ra ti ọjà ibẹ̀, èdè Lárúbáwá ni wọ́n kọ sára rẹ̀, kò sẹ́ni tó lè kà á. Táńkì náà ń jò. Ẹ̀yìn Dèjì máa ń tutù rin, á sì fi aṣọ náà sùn. Láfikún, wọ́n fún gbogbo wọn ní tábúlẹ́ẹ̀tì kan kí wọ́n máa lò ó, kí gáàsì olóró má bàa pa wọ́n bí ọ̀tá bá jù ú, wọ́n sì gún wọn lábẹ́rẹ́ púpọ̀. Ó ní, "A máa ń fi í ṣẹ̀fẹ̀. A ní bí eṣinṣin bá bà lé Dèj, òkú ni."

"Ohun tẹ́ ẹ sì rò pé ó ṣe ọmọ mi nìyí?"

"Àwọn dókítà ò gbà. Àwọn kan ní ó ṣeé ṣe, àwọn kan ní kò sí ẹ̀rí. Èmi ò mọ ìwé. Ohun tí mo mọ̀ ni iye ọmọ tí mo ti rí nílé àwọn tá a jọ lọ."

Nígbà tí Gilbert lọ tán, Magdalene ti ilẹ̀kùn. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti fẹ́ra, "ẹ" ló máa ń fi pe ọkọ rẹ̀. Ọjọ́ náà ló kọ́kọ́ pè é ní "o".

"Ṣé o mọ̀?"

"Kò sẹ́ni tó fìdí ẹ̀ múlẹ̀, Maggie."

"N kò bi ẹ́ bóyá wọ́n fìdí ẹ̀ múlẹ̀. Kí n tó kúnlẹ̀ lọ́jọ́ yẹn, ṣé o mọ̀?"

"Mo mọ̀."

"Kí ló dé tó ò sọ̀rọ̀?"

Dèjì ní tí òun bá sọ ọ́, á jẹ́ pé òun ni. Á jẹ́ pé ara òun ni òun fi gbé oògùn náà wọlé fún Magdalene, tó fi dé ara ọmọ méjèèjì. Ó ní láti kékeré ni wọ́n ti ń gbé òun sílẹ̀ sọ́dọ̀ ẹni tí kì í ṣe tòun, pé ilé ológun ni ibi àkọ́kọ́ tí òun ti mọ̀ pé òun wà pẹ̀lú àwọn èèyàn òun. Òun ò lè gbà pé àwọn yẹn ló ṣe é fún òun.

"Nítorí náà," Magdalene ní, "o jẹ́ kí èmi jẹ́ àjẹ́."

Kò pariwo. Mo wà nílé lọ́jọ́ yẹn, ògiri wa ò nípọn, n kò gbọ́ ohùn rẹ̀. Ẹkún ọkùnrin ni mo gbọ́.

Kí n má purọ́ mọ́ Dèjì, ó gbìyànjú láti tún un ṣe. Ó lọ sí Aylesbury, ó jókòó ti ìyá rẹ̀, ó sọ gbogbo ẹ̀ fún un, Yorùbá díẹ̀, òyìnbó púpọ̀. Ìyá náà gbọ́ ọ tán. Ó ní, "Oògùn eṣinṣin? Oògùn eṣinṣin ló jẹ etí ọmọ? Ìyàwó ẹ ló kọ́ ẹ lóhun tó o máa sọ." Bí ó ti ń lọ, ó tún pè é padà: "Ọlọ́run tó mú ẹ bọ̀ láti ojú ogun, ṣé ó lè fi ogun náà sínú ẹ? Má ba ẹ̀rí iṣẹ́ Ọlọ́run tó wà lẹ́nu mi jẹ́."

Wọ́n tún lọ sọ́dọ̀ ìjọba. Dèjì àti Magdalene jọ jókòó níwájú àwọn dókítà tí wọ́n yàn. Wọ́n wo Dèjì, wọ́n gbà pé ara rẹ̀ kò yá. Wọ́n ní síbẹ̀, kò sí ẹ̀rí tó tó pé ohun tó lò lójú ogun ló fa ti ọmọ, pé irú àìsàn bẹ́ẹ̀ ń ṣe àwọn ọmọ tí bàbá wọn kò rí ìbọn rí. Wọ́n sọ ọ́ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Wọn ò ní irọ́ ni, wọn ò sì ní òótọ́ ni.

Ọ̀rọ̀ yìí ló dun Magdalene ju gbogbo ẹ̀ lọ. Ó wí fún mi lórí àtẹ̀gùn, àpò ọjà ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀: "Nígbà tó kàn mí, Aunty, kò sẹ́ni tó béèrè ẹ̀rí. Àlá lásán ti tó wọn. Nígbà tó kan àwọn ọ̀gá, gbogbo ayé wá di ẹni tó mọ ẹ̀rí í wá."

Ó ní òun máa gba ọ̀rọ̀ òun padà. Lọ́jọ́ Ìsinmi kan, nígbà tí wọ́n ń jẹ́rìí, ó tò sórí ìlà pẹ̀lú àwọn tó fẹ́ dúpẹ́. Nígbà tó kàn án, ó gba makirofóònù.

"Ohun tí mo sọ níbí ní ọdún yẹn, irọ́ ni," ó ní. "N kò pa ọmọ mi. N kò fún ẹnikẹ́ni ní etí ọmọ mi. Ẹ̀rù ni mo fi sọ ọ́. Ọkọ mi jókòó níbẹ̀ yẹn, ẹ bi í ní ohun tí wọ́n gbé kọ́ ọ lẹ́yìn ní Kuwait."

Bàbá Akínbọ̀wálé na ọwọ́. "Ọmọ mi, ìjẹ́wọ́ kì í padà sẹ́nu. Ọ̀tá ló ń bá ẹ jà láti gba ìdáríjì ẹ lọ́wọ́ ẹ."

"Ẹ bi í!"

Ojú gbogbo ìjọ yí sọ́dọ̀ Dèjì. Ó dìde. Ó dúró, Yorùbá kò wá, òyìnbó náà kò wá. Nígbà tó yá, ó ní, "She's telling the truth." Ṣùgbọ́n ẹnì kan ti dá orin, olórin ti tẹ dùùrù, ọ̀rọ̀ mẹ́rin náà sì rì sínú orin. Àwọn tó wà nítòsí rẹ̀ gbọ́ ọ. Kò sí ọ̀kan nínú wọn tó sọ ọ́ síta rí. Magdalene bọ́ sùtáánà rẹ̀ níbi ìwọṣọ, ó ká a dáadáa, ó fi í sílẹ̀ lórí bẹ́ǹṣì, ó mú ọmọ rẹ̀ lọ́wọ́, ó sì lọ sílé. Kò padà síbẹ̀ mọ́.

Àìsàn Dèjì le sí i lẹ́yìn ìyẹn. Kò lè ṣiṣẹ́ mọ́, nígbà tó sì yá, kò lè rìn láìfara ti ògiri. Magdalene ló tọ́jú rẹ̀. Ó ń wẹ̀ ẹ́ kó tó lọ wẹ àwọn arúgbó ẹlòmíràn. Àwọn tó fẹ́ràn ìtàn tó bá dùn létí máa ń ní ó ti dárí jì í. Kò sọ bẹ́ẹ̀ fún mi. Mo bi í lẹ́ẹ̀kan. Ó ní, "Mo ń bọ́ ọ. Kí ni wọ́n tún fẹ́?" Nígbà tí Dèjì kú, ìjọ gbà láti sin òkú náà nítorí ìyá rẹ̀, Bàbá Olùṣọ́ sì wàásù pé ọkùnrin tó fi sùúrù ru àgbélébùú inú ilé rẹ̀ ló ń lọ sinmi yìí. Magdalene jókòó ní ìlà iwájú, ó gbọ́ ọ. Gilbert tó jókòó tì í kò gbọ́ Yorùbá, ó sì ń mi orí pẹ̀lú ọ̀wọ̀.

Moyin dàgbà, ó di obìnrin tó dára. Ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń ta awò ojú ni ó ti ń ṣiṣẹ́ ní Forest Hill. Wọ́n ti fi awọ àti egungun ìhà rẹ̀ ṣe etí fún un, kò gbọ́ràn níbẹ̀, ṣùgbọ́n ó ń gé irun rẹ̀ kúkurú nísinsìnyí, ẹni tó bá fẹ́ wò ó kó wò ó. Ó fẹ́ Wándé, ọmọkùnrin oníwà pẹ̀lẹ́ kan. Nígbà tó lóyún, ó bi dókítà bóyá ohun tó ṣe òun lè ṣe ọmọ òun, nítorí ohun tó wọ ara bàbá òun. Dókítà náà, ọ̀dọ́bìnrin, kò tan án. Ó ní àwọn ò mọ̀. Ó ní kò jọ pé ó máa rí bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n òun ò lè búra.

Ní gbogbo oṣù oyún náà, Magdalene kò lè sùn, kò lè jẹun. Ní gbogbo ìgbà tí wọ́n bá lọ ṣe scan, láti fi ẹ̀rọ wo ọmọ inú, á dúró lójú títì níwájú ilé ìwòsàn, kò ní wọlé. Ó ní tí òun bá wà níbẹ̀ tí nǹkan bá bàjẹ́, wọ́n á ní òun ni. Mo ní, "Ta ni 'wọ́n'? Ìwọ àti ọmọ ẹ nìkan lẹ kù." Ó wò mí bí ẹni tí kò gbọ́ ohun tí mo sọ.

Ọmọkùnrin ni wọ́n bí. Etí méjèèjì pé, ohùn rẹ̀ sì le. Wọ́n sọ ọ́ ní Ìmọ́lẹ̀olúwa.

Ilé Moyin ní Forest Hill ni wọ́n ti sọ ọmọ lórúkọ, èèyàn díẹ̀ ni wọ́n pè. Wándé ní kò dáa kí wọ́n fi ìyá àgbà sílẹ̀, ó sì lọ gbé Ìyá Dèjì wá láti ilé àwọn arúgbó tí wọ́n gbé e lọ nígbà tí kánsù kó wọn kúrò ní Aylesbury. Ó ti lé ní ọgọ́rin ọdún dáadáa, orí kẹ̀kẹ́ ló wà, ọwọ́ rẹ̀ fẹ́lẹ́ bí ewé gbígbẹ. Wọ́n gbé ọmọ lé e lẹ́sẹ̀. Ó fọwọ́ kan etí kan, ó fọwọ́ kan ìkejì, ó tún padà sí ti àkọ́kọ́.

"Méjì ni," ó ní. Ó rẹ́rìn-ín. Ó wá gbójú sókè, ó rí Magdalene tó gbé abọ́ dání. "Àdúrà ti borí ẹ. Eléyìí bọ́ lọ́wọ́ ẹ, àjẹ́."

Moyin kúnlẹ̀ síwájú kẹ̀kẹ́ náà. Yorùbá rẹ̀ kì í ṣe Yorùbá ilé, ohùn rẹ̀ ń gòkè níbi tó yẹ kó sọ̀ kalẹ̀, ṣùgbọ́n ó yé gbogbo wa. "Grandma, ẹ má pe Mummy mi bẹ́ẹ̀. Daddy sọ fún yín. Wọ́n wá sí ilé yín, wọ́n sọ fún yín pé it was the spray. Ṣé ẹ rántí?"

"Dèjì?" Ojú ìyá náà dá, ó mọ́lẹ̀. "Dèjì ṣì wà lójú ogun. Mo ń gbààwẹ̀ fún un. Wọ́n ní wọn ò ní pẹ́ dé."

Moyin gbé ọmọ rẹ̀ kúrò lẹ́sẹ̀ rẹ̀, ó gbé e wọ yàrá, ó sì pa ilẹ̀kùn dé.

Mo tẹ̀ lé Magdalene lọ sí kíṣìnì. Ó tan omi, ó ń ṣan abọ́ tó ti mọ́. "Ó ti gbàgbé pé ọmọ òun kú," ó ní. "Ó ti gbàgbé ilé rẹ̀, ó ti gbàgbé ọdún tá a wà. Kò gbàgbé tèmi." Ó ṣí ẹnu bí ẹni tó fẹ́ rẹ́rìn-ín, kò rín in. "Mo ti ń retí ọjọ́ tó máa sọ pé òun ṣì mí. Mo rò pé kó tó kú, á sọ ọ́. Ta ni mo wá fẹ́ bá sọ̀rọ̀ nísinsìnyí?"

Ó nu ọwọ́ rẹ̀, ó padà sí pálọ̀, ó ní kí Wándé lọ gbé ọkọ̀ wá sí ẹnu ọ̀nà kí wọ́n máa gbé ìyá lọ. Òtútù ti mú níta. Magdalene mú kóòtù Ìyá Dèjì, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ki apá rẹ̀ ọ̀kọ̀ọ̀kan bọ̀ ọ́ bó ṣe máa ń ṣe fún àwọn arúgbó níbi iṣẹ́, ó sì di bọ́tìnnì rẹ̀ títí dé ọrùn.